Ẹ gbà mí o: kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò fún ọmọ mi ń tàn, ṣùgbọ́n skríìnì dúdú kirikiri

Mọ́mì Bọ́lú
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi débi pé n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ní Ìkejà ló bá mi to èyí tí Bọ́lú máa gbé lọ sí yunifásítì. Ó ń pè mí ní "mọ́mì wa", ó fún mi ní mínírà, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. A gbé e délé, a tàn án: fáànù ń yí, iná aláràbarà ń tàn lára kéèsì, skríìnì kò gbé nǹkan kan wá. Mo pè é, ó ní monitọ̀ mi ló bà jẹ́. Monitọ̀ tí a fi wo bọ́ọ̀lù lánàá! Mo tún pè, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e, ó ní ó ń sùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ o. Kéèsì náà sì rẹwà, gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò ju ₦150,000 lọ, wọn ò sì ní pẹ́ wọlé. Kí ni kí n pààrọ̀?

Akin Oníbọ́ọ̀dù
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì. Ẹ sọ ti mínírà, ẹ sọ ti gíláàsì, ẹ ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wo ni? Bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́) wo? RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀) ńkọ́? Ihò wo lẹ ki wáyà monitọ̀ bọ̀?

Ṣadé
RAM ni. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ nu ojú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí ẹ ó fi gbọ́ "kà".

Mọ́mì Bọ́lú
Ohun tó kọ sínú rìsíìtì rèé: Ryzen 5 5600, MSI B450M, RAM 8GB ẹyọ kan, SSD 500GB, kéèsì pẹ̀lú pawa 500W (èyí tó ń fún un níná). HDMI ni wáyà, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù la ki í bọ̀. Ẹ má sì wí pé n kò béèrè o. Mo béèrè bóyá ó pé, ó ní ó pé pérépéré.

Akin Oníbọ́ọ̀dù
Ibẹ̀ gan-an ló wà. 5600 tí kò ní G lẹ́yìn kò ní graphics (ohun tó ń gbé àwòrán wá sí skríìnì) nínú. Láti inú processor ni àwòrán ti ń gba HDMI ara bọ́ọ̀dù jáde; bí processor kò bá ní i, ihò lásán nìyẹn. Ti Intel, F ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: i3-12100 ní graphics, i3-12100F kò ní. Ẹ dá a padà, kó fún yín ní 5600G. Ihò AM4 ni àwọn méjèèjì ń wọ̀, bọ́ọ̀dù yín á gbà á.

Dúró Ná
Ẹ má tíì ná owó kankan. B450 tí BIOS rẹ̀ (ètò tí bọ́ọ̀dù fi ń jí) ti pẹ́ kò mọ Ryzen 5000, ẹbí 5600 yín, rárá, ì báà ní G, ì báà má ní. Skríìnì dúdú kan náà lẹ máa rí. Mọ́mì, ẹ wo etí bọ́ọ̀dù, iná kéékèèké mẹ́rin wà níbẹ̀: CPU, DRAM, VGA, BOOT. Èwo ni kò kú? Ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Mọ́mì Bọ́lú
Bọ́lú ní VGA ni.

Dúró Ná
Bọ́ọ̀dù mọ processor nìyẹn, BIOS kò níṣòro. Graphics ló ń wá.

Ṣadé
Ṣé ẹ ti nu RAM yẹn ṣá?

Akin Oníbọ́ọ̀dù
Àǹtí Ṣadé, iná DRAM ti kú. Ẹ jẹ́ kí RAM sinmi.

Bàbá Ìbàdàn
Ẹ̀yin òbí ìsinsìnyí, iná aláràbarà lẹ fi ń ra nǹkan. Dell OptiPlex tọ́kùnbọ̀, i5, graphics wà nínú rẹ̀, ó tán.

Akin Oníbọ́ọ̀dù
Bàbá, wọ́n ti rà á tán, ẹ tún ń pè wọ́n padà sọ́jà. OptiPlex pẹlẹbẹ yẹn náà, pawa rẹ̀ kì í ṣe oníhò 24 tó wà lọ́jà, káàdì graphics kúkúrú nìkan ló sì ń wọ inú rẹ̀.

Dúró Ná
Bí ẹ bá máa yọ processor, ẹ má fa fáànù sókè o. Ẹ̀yà 1,331 tó rí bí abẹ́rẹ́, ara processor ni wọ́n wà ní AM4, ọ̀dà ìtutù sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáànù. Á já jáde, abẹ́rẹ́ á tẹ̀. Ẹ tàn án kó gbóná díẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú fáànù, kí ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún sósì kó tó gòkè.

Mọ́mì Bọ́lú
Ẹ ṣeun. Bọ́lú ní òun ò fẹ́ G o, pé àwọn tó ṣáájú òun ní kò lè gbé Lumion, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé. Architecture ló máa kà. Ọkùnrin yẹn náà sọ pé a lè fi káàdì kún un tó bá yá. Káàdì wáráńtì ni mo rò pé ó ń sọ.

Akin Oníbọ́ọ̀dù
Mọ́mì! Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ gbàgbé 5600G, processor yín dáa, ẹ fi sílẹ̀. Processor àti RAM ni Revit, ètò tí wọ́n fi ń ya plánù ilé, ń jẹ, káàdì graphics ni Lumion ń jẹ. Ẹ ra káàdì RX 580 8GB tọ́kùnbọ̀, ẹ ki HDMI bọ ara káàdì. RAM 8GB kejì lè dúró di ìgbà míì; bí ihò RAM bá jẹ́ mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ processor ni kí méjèèjì wà.

Dúró Ná
RX 580 lórí pawa inú kéèsì? Ẹ fẹ́ sun ilé onílé ni?

Akin Oníbọ́ọ̀dù
500W ni wọ́n kọ.

Dúró Ná
Wọ́n lè kọ 1000W. Mọ́mì, lára pawa, amps mélòó ló wà lábẹ́ +12V?

Mọ́mì Bọ́lú
16A.

Dúró Ná
12 lọ́nà 16, 192W ni pawa yẹn lè fún wọn ní tòótọ́. RX 580 nìkan lè jẹ 185W, 5600 lè fa 76W. Bí Lumion bá bẹ̀rẹ̀ render (yíya àwòrán), á kú pii, tàbí kó gbé bọ́ọ̀dù lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ta wáyà kékeré tó ń sọ Molex (ihò iná àtijọ́) di ihò 8, ẹ má gbà á, ó máa ń yọ́.

Akin Oníbọ́ọ̀dù
Kí wọ́n ra GTX 1650 tí kò ní ihò pawa nígbà náà. 75W ni, láti ara bọ́ọ̀dù ló ti ń gbà á.

Dúró Ná
4GB ni ìrántí rẹ̀. Á gbé ilé kékeré, á máa rọ́jú bí igi àti koríko bá pọ̀. Ẹ jẹ́ kó bá wọn pààrọ̀ kéèsì yẹn, kí wọ́n mú aláìníná pẹ̀lú pawa 550W gidi, tó ní àmì 80 Plus Bronze.

Mọ́mì Bọ́lú
Kéèsì kò ṣeé dá padà. Bọ́lú ti ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Pawa ni kí n kọ́kọ́ rà, àbí káàdì?

Dúró Ná
Pawa. Bí owó bá kù, ẹ wá káàdì RX 580, kí wọ́n sì dán an wò lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó: kí wọ́n ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì, kí Shaders (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán) jẹ́ 2304. Bó bá jẹ́ 2048, irú tó rẹlẹ̀ ni, kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Kí wọ́n fi FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí. Bí skríìnì bá ń ta tótó-tòtò, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣadé
Ẹ bá wọn nu RAM náà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún.