Ọmọlanke tí kẹ̀kẹ́ ológeere ń fà: báwo la ṣe máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti kàn án?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi Sátidé méjì kọ́ ọ̀dọ́ 12 bí wọ́n ṣe ń kan ọmọlanke tí kẹ̀kẹ́ ológeere lè fà, kí wọ́n lè máa fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Mẹ́rin la fẹ́ kàn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 50 kílò. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti bàjẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Táyà wo ni ká yọ lára wọn? Ṣé ìjókòó la máa so ọmọlanke mọ́ ni, àbí ìdí táyà ẹ̀yìn?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe: Akọ̀wé, táyà íǹṣì 20 ni kí ẹ yọ, ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Kẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ń yà ní kọ́nà. Ọmọlanke kì í tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ẹrù ti máa ń ti sípóòkù. Bí ríìmù bá ṣe tóbi tó ló ṣe máa ń tètè wọ́. Ẹ mú táyà iwájú, ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ohun tó ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ni irin tó gba àárín táyà kọjá. Kò ju mílímítà 9 lọ. Ọ̀tún àti òsì ni nǹkan gbọ́dọ̀ ti dì í mú, bí fọ́ọ̀kì ṣe ń dì í mú. Bí ẹ bá fi apá kan ṣoṣo gbé e bíi ti mọ́tò, á tẹ̀.

Wẹ́dà: Ìdí nìyẹn tí irin gígùn fi máa jẹ́ mẹ́rin: méjì nínú, méjì lóde, kí táyà wà láàárín wọn. Angle iron, ìyẹn irin tó ní igun bíi lẹ́tà L, íǹṣì kan ni, kó nípọn ní mílímítà 3. Fún ọmọlanke kọ̀ọ̀kan, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 90 lọ́nà mẹ́rin, 85 lọ́nà méjì fún iwájú àti ẹ̀yìn, 60 kan fún ìdábùú àárín. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 590, ọ̀pá mítà 6 kan á ká a. Àmọ́ ẹ wọn ọ̀pá náà kí ẹ tó sanwó o. Òmíràn kì í pé.

Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ fún táyà, ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù ọwọ́ yín, ìyẹn àárín táyà tí sípóòkù ti jáde, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, torí ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lè kéré sí i. Irin pẹlẹbẹ mílímítà 5 lẹ máa fi ṣe etí tí táyà á jókòó sí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ kí táyà lè tètè yọ tó bá jò. Sẹ̀ǹtímítà 55 láti iwájú ni kí etí yìí wà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́: Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, kí ló dé tí kò fi wà láàárín gan-an?

Wẹ́dà: Tó bá wà láàárín, ẹ̀gẹ́ díẹ̀ tó bá yí sẹ́yìn á gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sókè, táyà ẹ̀yìn á wá máa yọ̀ lórí iyanrìn. Ẹ di ẹrù 50 kílò sí i, ẹ fi òṣùwọ̀n ìfikọ́ gbé ẹnu ọ̀pá ìfà, ìyẹn ọ̀pá tí kẹ̀kẹ́ á fi máa fa ọmọlanke. Kílò 3 sí 5 ló yẹ kó mú.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe: Ní ti ìsopọ̀, ẹ má so ó mọ́ ìjókòó rárá. Tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ẹrù á ti kẹ̀kẹ́ láti òkè, á fẹ́ dà á nù. Ìdí táyà ẹ̀yìn ni, lápá òsì, torí ọ̀tún ni ṣéènì wà. Irin pẹlẹbẹ kan lẹ máa há sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Bí nọ́ọ̀tì kò bá wá wọlé tán mọ́, ẹ fi irin àárín tó gùn jù ú lọ pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ lè lọ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, kó sì lè lọ́, kí kẹ̀kẹ́ tó ṣubú má baà dojú ọmọlanke dé. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó nípọn, sẹ̀ǹtímítà 15, ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ọ̀pá wọ inú rẹ̀ ní orí méjèèjì, bóòtù sípánà 13 gba orí kọ̀ọ̀kan kọjá. Rọ́bà máa ń já, nítorí náà ẹ fi ṣéènì kékeré kún un.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Ẹ má jẹ́ kí èèyàn 12 tò sẹ́yìn wẹ́dà kan, ibẹ̀ ni ọjọ́ máa ń lọ sí. Ẹni mẹ́ta-mẹ́ta. Sátidé àkọ́kọ́, kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n gé, kí wọ́n lu ihò, kí wọ́n tú họ́ọ̀bù, kí wọ́n sì fi gírísì tuntun sí i. Èkejì ni ti jíjó àti kíkùn. Ẹ kan ìṣó mọ́ pákó ńlá kan ní ìrísí ọmọlanke kí irin lè máa jókòó síbẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní bára mu. Ìtòpọ̀ nìkan ni pákó náà wà fún o, iná á jó o.

Wẹ́dà: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi iná kan ojú kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun sí igun, kí ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba, kí ẹ tó wá jó o tán. Ooru máa ń fa irin. Electrode, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, gauge 12 ni. Ẹ yọ táyà kúrò ṣáájú. Páìpù tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ má jó o, èéfín rẹ̀ ń dá ibà síni lára.

Tí táyà bá ti wọlé, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ríìmù méjèèjì níwájú, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Bí ìyàtọ̀ bá ju mílímítà 3 lọ, táyà á máa wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ jẹ tán.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́: Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe: Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀kan nínú bíréèkì iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn. Tí òjò bá ti rọ̀ tí ríìmù tutù, kí onítọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ kó máa fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́: Ẹ lu ihò sí ìdí àpótí pákó tí ẹ̀gẹ́ máa wà, ẹ̀yin ọmọ mi, omi máa ń dúró síbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó o kún, ẹ̀gẹ́ tútù á sì ju 50 kílò lọ dáadáa.