Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń fi lésà ṣe pròsítéètì ní Òṣogbo? Kíákíá ni o

Àbíkẹ́ Òkè Baálẹ̀
Ẹ kú ilé o. Dádì wa ò lè tọ̀ láti àná. Wọ́n ti ki róbà bọ̀ wọ́n lára kí ìtọ̀ lè máa jáde, dókítà ní pròsítéètì ni, ẹran ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, pé ó ti wú, iṣẹ́ abẹ ló kù. Dádì ní kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ la ikùn àwọn, àfi lésà, iná tí wọ́n fi ń gé ẹran ara. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é níbí? Ẹ má pẹ́.

Bọ̀dé Ọláìyá
Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù LAUTECH.

Ọmọ Tíṣà
LAUTECH wo? Láti 2020 tí Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ti pín gààrí, UNIOSUN ló ń jẹ́.

Bọ̀dé Ọláìyá
Tí mo bá sọ UNIOSUN fún ọlọ́kadà, inú ọgbà yunifásítì l'Ókè Baálẹ̀ ló máa já mi sí. LAUTECH ni mo wí, Ìdí-Ṣeké.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Àbíkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni Dádì? Síkáànù ní pròsítéètì náà tóbi tó kí ni? Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Ṣé wọ́n lo oògùn ọ̀fìnkìn láìpẹ́ yìí?

Àbíkẹ́ Òkè Baálẹ̀
Wọ́n ti lé ní 70 ma. Síkáànù wà lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá mi. Oògùn ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lò ó níjẹta.

Adé Ìlobùú
Ẹ má fi lésà pa bàbá yín o! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe é, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ilẹ̀ la tà ká tó rówó san. Wọ́n ní àwọn máa jó ẹran yẹn dànù láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ò dà, wọn ò sì pẹ́ lọ́sibítù. Àmọ́ wọn ò ṣe àyẹ̀wò kankan kí wọ́n tó jó o. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá, àṣé jẹjẹrẹ ti wọ eegun. A padà lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n kó ẹran tí wọ́n gé jáde ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kò sí ẹran, ó ti di èéfín. Èéfín!

Bọ̀dé Ọláìyá
Háà! Owó ilẹ̀ di èéfín.

Ọmọ Tíṣà
Lésà kọ́ ló fún wọn ní jẹjẹrẹ.

Adé Ìlobùú
Ṣé mo ní òun ló fún wọn ni? Mo ní ó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó máa kọ́ni.

Alágbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Jẹ̀díjẹ̀dí ló fa gbogbo ẹ̀. Kí bàbá jáwọ́ nínú nǹkan dídùn. Mo ní agbo tó máa fọ̀ ọ́ dànù, ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí.

Adé, ẹ kú ìrọ́jú. Àmọ́ lésà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé ló ń sọ ẹran di èéfín, kì í ṣẹ́ nǹkan kù tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Òmíràn ni holmium, HoLEP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Ńṣe ló ń bó ẹran náà kúrò lára èèpo ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń bó ọsàn. Wọ́n á lọ̀ ọ́ nínú àpò ìtọ̀, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Òun ló dáa fún èyí tó bá ti kọjá 80 gíráàmù. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n ń gbà ṣe méjèèjì. Èèpo yẹn ṣì máa wà lára, kódà tí wọ́n bá la ikùn, jẹjẹrẹ sì lè yọ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè ta wọ́n lólobó nípa jẹjẹrẹ pròsítéètì. Àmọ́ kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí, torí ìtọ̀ tó há àti róbà máa gbé iye PSA náà sókè.

Àbíkẹ́, oògùn ọ̀fìnkìn yẹn lè wà lára ohun tó dí ìtọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá Dádì lè lo tamsulosin, oògùn tó ń dẹ ọ̀nà ìtọ̀, fọ́jọ́ mélòó kan, kí wọ́n wá yọ róbà wò. Àwọn kan máa ń tọ̀ padà.

Bàbá Kékeré
Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe é, àtọ̀ ò ní jáde mọ́. Ṣóòótọ́ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun bèèrè.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Inú àpò ìtọ̀ ló sábà máa ń padà sí, á bá ìtọ̀ jáde. Kì í pa ni lára. Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín sà.

Àbíkẹ́ Òkè Baálẹ̀
Ẹ ṣé gan-an o. Bọ̀ọ̀dá mi ti ka ọ̀rọ̀ èéfín yẹn sí Dádì létí. Wọ́n ní àwọn ò ṣe lésà mọ́, kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n sì gbé ẹran náà wá káwọn fojú ara àwọn rí i. Anti mi tó wà ní Ìlọrin ti rán mọ́tò wá, ọ̀rẹ́ ọkọ wọn ni dókítà. A ti kọjá Ìkìrun.

Bọ̀dé Ọláìyá
Ìlọrin kẹ̀? Ta ló dárúkọ Ìlọrin níbí?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ó dáa. Ẹ ṣì bi wọ́n nípa tamsulosin níbẹ̀. Ibo ni àpò tí ìtọ̀ ń dà sí wà nínú mọ́tò báyìí? Kò gbọ́dọ̀ ga tó àpò ìtọ̀ inú ara wọn.

Àbíkẹ́ Òkè Baálẹ̀
A fi kọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ma. Mò ń sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí.