Gàró, ìfúnpá, àbí ọ̀já àlọ́dá?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ti ka gbogbo èsì yín. Fún ẹni tí kò bá a láti ìbẹ̀rẹ̀: mò ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn zémíjàn (ọlọ́kadà) wa ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, lórí ohun tí èèyàn lè ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú lára ẹni tó fara pa kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọ̀já tí a ń lọ́ mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, èyí tí Faransé ń pè ní "garrot", ni mo há sí. Ìyá wa ní Àjàṣẹ́ ní kí n kọ "ìfúnpá". Ẹ̀gbọ́n wa láti Sábẹ̀ ní "ọ̀já àlọ́fún". Àbúrò kan sì ní kí ló ń dà mí láàmú, ṣebí gàró ni gbogbo wa ń pè é.

Gàró náà ni kí n kọ́kọ́ mú. Rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń so mọ́ni lápá kó tó gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, gàró ni wọ́n ń pe ìyẹn náà, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Rọ́bà yẹn kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà lọ sí ọkàn ló ń dí lọ́nà, kí iṣan lè yọ. Èyí tó ń ti ọkàn bọ̀ ṣì ń wọlé. Ẹ wá so irú rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí àdá ti ṣá. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà padà, ojú ọgbẹ́ nìkan ló kù tó lè gbà jáde.

Ojú mi ló ṣe. Lóko kan lẹ́yìn ìlú níbí, àdá yọ lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ṣán igbó, ó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ń ta síta bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, èyí tó dára, àmọ́ ẹ̀wù náà rin gbindin kò sì dá. Ó wá fa rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ yọ, ó so ó, ó ní ó ti fún. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i. Agbẹ̀bí kan tó ń ti ọjà bọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lórí zém. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a títí ó fi fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ó dì í mọ́ itan ọmọ náà, ó ti orógùn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú kókó rẹ̀, ó wá ń lọ́ ọ. Ọmọ náà ké. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ìyá, ó tó, ó ti fún!" Obìnrin náà kò dá a lóhùn, ó tún yí orógùn náà. Ojú ọgbẹ́ ló ń wò, kì í ṣe gèlè. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dá ló tó so orí orógùn náà mọ́lẹ̀, ó béèrè aago, ó fi bíró kọ 11:40 sí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba "àlọ́fún" tán, ẹ̀gbọ́n mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiyín ló sún mọ́ ọn jù. Àjẹyó ni jíjẹ títí a ó fi yó. Àlọ́fún á jẹ́ lílọ́ títí yóò fi fún, bẹ́ẹ̀ rọ́bà táyà ọjọ́ yẹn ti fún! Ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró sí ni kí ẹ̀jẹ̀ dá, bí òjò ṣe ń dá. Nítorí náà, "ọ̀já àlọ́dá" ni mo fi lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi lílọ́ síbẹ̀ o. Àwọn Faransé pàápàá, igi tí wọ́n fi ń lọ́ okùn ẹrù kó lè le ni wọ́n ń pè ní garrot tẹ́lẹ̀. Ní 1674, nígbà ogun ìlú Besançon, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Étienne Morel fi igi lọ́ ọ̀já báyìí fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní 1718 ni oníṣẹ́ abẹ mìíràn, Jean-Louis Petit, ṣe èyí tó ní ìdè oníṣúkúrù tí wọ́n ń yí, ó pè é ní tourniquet, láti inú "yí". (Ẹni tó ní "àlọ́" á mú kí àwọn ọmọdé dáhùn pé "Ààlọ̀!", mo ti rẹ́rìn-ín, ó tó.)

Ìyá wa, ẹ má bínú, ìfúnpá dùn létí, àmọ́ oògùn tí à ń so mọ́ apá ni. Àwọn mìíràn sì ti ń kọ "ìfúnpá ẹ̀jẹ̀" fún ohun tí dókítà ń wọ̀n lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Apá ló sì wà nínú orúkọ náà, itan ń kọ́?

"Okùn ìdẹ̀jẹ̀" tí ẹnìkan mú wá ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá gbọ́ okùn á wá wáyà, wáyà á sì gé ẹran ara. Ọ̀já fẹ̀. Ẹni tó bá sì gbọ́ "dè", ọkàn rẹ̀ á lọ sí ẹni tí ejò ṣán, tí a máa ń dè lókè ibi tí ejò ti ṣán an. Ẹ má jẹ́ kí ìwé mi ti èèyàn sínú ìyẹn. Oró ejò kì í ṣe ohun tí à ń dè, ẹsẹ̀ lè ti ibẹ̀ kú.

Ní ti ìgbà tó yẹ, gbólóhùn mi rèé: ọwọ́ àti aṣọ mímọ́ ni àkọ́kọ́, kí o tẹ̀ ẹ́ gan-an. Bí kò bá dá, tó sì jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tàbí tí ọwọ́ tilẹ̀ ti gé kúrò, ọ̀já àlọ́dá, bí 5 sí 7 sẹ̀ǹtímítà lókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí ìgúnpá tàbí orúnkún. Ọrùn, ikùn àti ibi tí itan ti pàdé ikùn kò sí nínú rẹ̀. Kọ aago. Kí wákàtí 2 tó pé, kó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa láàárọ̀ yìí, mi ò ṣàlàyé nǹkan kan. Ó gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ, ó ní, "Lọ́ kí ni dá, bọ̀dá? Eegun?" Mi ò rò ó rí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ní dá eegun ẹnikẹ́ni, kó fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.