Apòògùn ṣíwájú, ta ló ń tẹ̀ lé e?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀ o. Ẹ ní ká bá yín wo orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ irú ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílùú Asheville, ní North Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín 1996 sí 1997: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tó ní àtọ̀gbẹ ń lọ jókòó ti apòògùn (pharmacist) lóòrèkóòrè, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣọ́ ara wọn, wọn kì í sì í gba owó oògùn àtọ̀gbẹ náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ pè é ní "ìtọ́jú àìsàn bárakú tí apòògùn ṣíwájú".

"Apòògùn" dáa. Àwọn kan á ní ta ló tún ń po oògùn lóde òní. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ sáà má kọ "olóògùn", torí ní Ìkòròdú níbí, ẹni tó bá lọ sílé olóògùn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé lọ.

"Ṣíwájú" ni kò dùn mọ́ mi létí, àfi bíi pé wọ́n ń lọ ojú ogun. "Àmójútó apòògùn" ti tó. Ibà la ń wò tó ń san. Àtọ̀gbẹ, à ń mójú tó o ni.

Ìjà mi gan-an wà lórí "bárakú". Sìgá, tẹ́tẹ́, ọtí, àwọn ló ń di bárakú. Tí a bá fi pe àìsàn, a ti dá aláìsàn lẹ́bi nìyẹn. Ẹni tó bá sì tẹ́tí dáadáa á gbọ́ "kú" nídìí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń dúró gba oògùn ọmọ mi ní kẹ́míìsì kan nítòsí Sábó. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ẹlẹ́ja kan: 162 lórí 98.

"Mà, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó, tí orí bá ń fọ́ mi."

Apòògùn gba páálí náà, ó ka hóró tó kù lórí káńtà, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan: mọ́kàndínlógún, nínú oògùn tó yẹ kó ti tán. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè máa ru kí orí máà fọ́ rárá, pé ojoojúmọ́ ni lílò rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ títí dìgbà wo? Àbí ó fẹ́ máa bá mi gbé ni?"

"Ó ti ń bá yín gbé, mà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa ṣọ́ ọ."

Ẹnu ìyá yẹn ni mo ti mú tèmi: àìsàn abánigbé. Ìyàwó mi ní ó jọ orúkọ ìyàwó. Mi ò fèsì.

Ibi tí mo há sí ni ikọ́ fée (asthma), tó ń lọ tó ń bọ̀. Ṣé abánigbé nìyẹn náà? Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni, torí bó bá jáde, ẹrù rẹ̀ ṣì wà nílé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni wọ́n ń sọ fún pé kó fa oògùn rẹ̀ sẹ́nu lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí kò wúkọ́ rárá.