Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọjọ́ ìwé ọkọ̀, ti òṣìṣẹ́ àti ti àyíká ń dàrú mọ́ mi lójú

Ìyá Kajú (Ṣábẹ)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ ìfọ́ kajú kékeré la ní níbí. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ló ń fọ́ ọ, a sì ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Láti April 1, 2024 tí ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì fọ́ lọ sókè òkun, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, ìwé náà sì ń pọ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró lọ́nà Kútọnu. Visite technique, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, ti kú láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ìwé náà wà nínú ọkọ̀ o, a fi ọ̀rá bò ó, ó ń dán, ó kàn ti kú ni. Ẹrù sùn sójú ọ̀nà ọjọ́ méjì, oníbàárà ń pè, mi ò mọ ohun tí mo lè wí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ní ìwé kékeré tí mo ń kọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí sí. Èyí náà wà níbẹ̀! Mi ò kàn ṣí i wò ni. Kí lẹ̀yin ń lò? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń ra ètò orí kọ̀ǹpútà fún un. Ṣé ó yẹ kéèyàn náwó sí i?

Ọmọ Wándó (Àjàṣẹ́)
Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹ má ra nǹkan kan. Fún ọkọ̀ méjì, Google Calendar tó wà lórí fóònù yín ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ ní kó máa dún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kó tún dún ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Èyí tó bá jẹ́ ti ọdọọdún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa kọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà mọ́ ọn.

Ìyá Kajú
Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ìdí òṣùwọ̀n ni fóònù máa ń bá mi. Àgbẹ̀ mẹ́ta á dúró, wọ́n á máa wojú mi. Màá fọwọ́ nù ún kúrò, ó parí nìyẹn.

Ọmọ Wándó
Ẹ jẹ́ kó máa dún lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú, mà. Èèyàn méjì.

Bàbá Onímọ́tò (Kétu)
Èèyàn méjì kẹ̀? Kálukú á ní ẹnìkejì ti rí i.

Ìyá Kajú, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń yọ yín lẹ́nu. Ọjọ́ tí ìwé máa kú lẹ ń kọ. Ọjọ́ yẹn ò wúlò fún ẹnì kankan àfi ẹni tó fẹ́ dá yín dúró. Ọjọ́ tí ẹ máa gbéra ni kí ẹ kọ. Tí visite technique mi bá máa kú ní ọjọ́ 20, mo mọ̀ pé iná ẹ̀yìn lè ti fọ́, bíréèkì lè má mú dáadáa, wọ́n á ní kí n lọ tún un ṣe kí n padà wá. Torí náà, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbé e lọ bá mẹkáníìkì, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń gbé e lọ sí CNSR, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọjọ́ 20 yẹn, mi ò tiẹ̀ kọ ọ́ síbì kankan.

Assurance, ìwé ìbánigbófò ọkọ̀, ní tiẹ̀, awìn ò sí níbẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹwàá 2011 ni òfin CIMA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń darí ìbánigbófò, ti sọ pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ààbò. Ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ni kí ẹ kọ fún ìyẹn. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ni èmi ń ju tèmi sínú agolo mílíìkì. Tí ọkọ̀ yín bá sì ń sọdá sí Ìlárá tàbí Ìdìrókò, ẹ bèèrè carte brune CEDEAO, ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Kútọnu níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982, síbẹ̀ mo ń rí onímọ́tò tó ń sọdá láìní in, bí ẹni ń lọ sóko bàbá rẹ̀.

Akọ̀wé Àtijọ́ (Àjàṣẹ́)
Bàbá ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ṣe akọ̀wé ilé iṣẹ́ ọṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pátákó dúdú ni mo lò, bíi ti ilé ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí awakọ̀ ti ń mú kọ́kọ́rọ́ ni mo gbé e kọ́ sí. Iṣẹ́ kan, orúkọ ẹnì kan, ọjọ́ ìgbéra. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa yí orúkọ náà ká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó la ẹnu. Ojú kì í ti èèyàn níwájú fóònù.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ ní certificat de conformité environnementale, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ yín bá òfin àyíká mu? Ṣé ara ògiri ló wà? Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn, a ó gbé e kọ́ bíi fọ́tò ìgbéyàwó. PGES tó bá a rìn, ìyẹn ètò bí ẹ ṣe máa tọ́jú àyíká, ló ni iṣẹ́. Inú rẹ̀ lẹ ti ṣèlérí ohun tí ẹ máa fi èèpo kajú ṣe, àti bí ẹ ṣe máa dín èéfín kù. ABE, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, lè wá wò ó. Ẹ mú bíírò pupa, ẹ fa ìlà sábẹ́ ibikíbi tí wọ́n bá ti kọ "lóṣooṣù" tàbí "lọ́dọọdún", kí ẹ sì kó wọn lọ sórí pátákó. Nínú tiwa, ìlérí mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́ta là ń mú ṣẹ. Láti 1999 sì ni òfin àyíká ti wà, ẹnu ò ní gbà á láti sọ pé a ò mọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí kò lè sí lórí pátákó rárá. Tí obìnrin kan bá gé ìka lónìí, wákàtí 48 lẹ ní láti fi tó CNSS, àjọ ìbánigbófò àwọn òṣìṣẹ́, létí. Ta ló ń rántí fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà? Ẹ fi fọ́ọ̀mù òfìfo mẹ́ta sínú àpótí oògùn, kó wà lórí báńdéèjì, kí ọwọ́ kọ́kọ́ bà á.

Ará Ẹ̀yìn Rélùwéè (Ṣábẹ)
Ìyá Kajú, mo rò pé mo mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èéfín yẹn gàdàgbà o! Tí ẹ bá ti ń sun èèpo, aṣọ tí mo sá á rùn mọ́júmọ́.

Ìyá Kajú
😂 Ẹ má bínú, aládùúgbò. Mo ti gbọ́.

Akọ̀wé, ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Òróró inú èèpo kajú yẹn ń bó àwọn obìnrin lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń fi eérú pa ọwọ́ dípò ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ wo ni kí n kọ fún un?

Akọ̀wé Àtijọ́
Ìbọ̀wọ́ ò ní ọjọ́, ihò ló ní. Ní àràárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ atẹ́gùn lára, ẹ jù ú nù.

Ìyá Kajú
Mo padà dé. Pátákó ti wà lókè. Bí mo ṣe ń wá ibi tí màá kàn án mọ́ ni mo kó àpò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo bá rí ẹ̀rọ apaná wa níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti wọ pupa, aláǹtakùn ti fi ẹnu rẹ̀ ṣelé. Kò sí nínú ìwé kékeré mi rárá, òun ni mo kọ́kọ́ kọ.

Mo kọ orúkọ awakọ̀ síwájú visite technique. Ó wò ó títí, ó ní kò burú, àmọ́ kí n kọ orúkọ tèmi síwájú assurance, torí ọwọ́ mi ni owó wà. Mo ti kọ ọ́.