Pizza bùfẹ́ẹ̀ tí mo béèrè nípa rẹ̀: àbọ̀ rè é

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bóyá ọmọ mi tó ní àìsàn celiac (gluten, èròjà inú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, máa ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́) lè jẹun níbi pizza bùfẹ́ẹ̀, níbi téèyàn ti ń san owó kan tí á sì jẹ ìwọ̀n tó bá wù ú, ní Houston. A lọ, a bọ̀, inú ò sì run ún.

Mo kọ́kọ́ pe mánígà. Pizza tí kò ní gluten wà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n pàtẹ: páànù tirẹ̀ ni wọ́n fi yan án, ọ̀bẹ tó mọ́ ni wọ́n fi gé e. Ẹni tó dá mi lóhùn pé FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní gluten inú oúnjẹ tí wọ́n bá pè ní aláìní gluten ò gbọ́dọ̀ tó 20 ppm (ogún nínú mílíọ̀nù kan), òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹ̀fun tó ń fò nínú ilé ìdáná ńkọ́? Mánígà fúnra ẹ̀ ò fọwọ́ sọ̀yà.

Sàláàdì? A ò sún mọ́ ọn. Ṣíbí búrẹ́dì díndín ni ẹnì kan fi bu ewébẹ̀ níṣojú mi!

Odindi owó bùfẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà lórí pizza kékeré yẹn, ìyẹn ló ká mi lára. Mo ti kádìí ìbéèrè mi o.