Oyin kì í "jẹ̀" o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá lórí àwọn oyin inú igbó Brazil, pé ká máa pe bí oyin ṣe ń wá oúnjẹ kiri ní "ìjẹ̀", ká sì pín wọn sí "oyin ìbílẹ̀" àti "oyin àjèjì". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan níbẹ̀.

Adìyẹ ló ń jẹ̀, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀, ibi tó bá ti rí i náà ló ti ń jẹ ẹ́. Oyin ò ṣe bẹ́ẹ̀ jàre, àwọn kan á kọ́kọ́ lọ ṣe amí, tí wọ́n bá rí igi tó tanná wọ́n á wá sọ nílé, làwọn yòókù á bá tú jáde lọ kó omi òdòdó àti lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ wálé. "Ìkówálé" lèmi ń pè é.

Ti ìbílẹ̀ yẹn ló burú jù. Ní Brazil, àwọn oyin tí kì í ta èèyàn, jataí, uruçu àtàwọn ẹbí wọn, ló nilẹ̀. Èyí tó ń ta làlejò: wọ́n ti kó ti Yúróòpù débẹ̀ tipẹ́, Warwick Kerr, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Brazil, tún lọ kó ayaba oyin wá láti Áfíríkà ní 1956, nígbà tó di 1957 agbo 26 lára wọn sá wọgbó. Nílé wa ńkọ́? Tó ń ta o, tí kì í ta o, ọmọ onílẹ̀ ni méjèèjì! Tẹ́ ẹ bá wá kọ "oyin àjèjì" sínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kà á á ní èwo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà. Èyí tó ń ta, ijó ló fi ń júwe, apá ibi tóúnjẹ wà àti bó ṣe jìn tó, àmọ́ ijó yẹn ò lè sọ pé òkè ló wà. Scaptotrigona, irú oyin kan lára àwọn tí kì í ta, oje ẹnu ló fi ń sàmì sára ewé àti òkúta, àwọn yòókù á máa gbóòórùn ẹ̀ tẹ̀ lé e títí dé orí igi, nínú igbó tó jẹ́ pé òkè tente lòdòdó pọ̀ sí, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Torí náà "oyin oníjó" fún tó ń ta, ó bá a mu.

Ẹni tó ní ká pe àwọn yòókù ní "oyin aláìlóró", kó lọ bi àwọn ará Brazil nípa oyin tí wọ́n ń pè ní cagafogo, kì í ta lóòótọ́, àmọ́ oje tó ń tú síni lára ń jóni bí iná. "Oyin tí kì í ta" ti tó, ó gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò purọ́.